Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó wà nílé yín: Bí ẹ ṣe lè yan rẹ́kọ́dà DVD tó máa gbà á là

Bí ẹ bá délé lọ́jọ́ ọdún, yálà Ọ̀yọ́ ni o tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ yọjú wo ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, kẹ́ ẹ tún wo inú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá kásẹ́ẹ̀tì fídíò dúdú mẹ́fà, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Wọ́n fi báírò kọ "Ìgbéyàwó" sára ọ̀kan, "Òkú Bàbá" wà lára èkejì, àwọn yòókù ò tiẹ̀ lórúkọ. Ẹ̀rọ fídíò tó ń gbé wọn jáde ti bàjẹ́ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó láyà láti kó wọn dà nù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn dà nù o. Ó lè jẹ́ inú wọn nìkan lẹ ti tún lè gbọ́ ohùn ìyá àgbà tó ń ki ìyàwó bó ṣe ń jáde nílé, tàbí kẹ́ ẹ rí bí bàbá yín ṣe ń jó nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Rẹ́kọ́dà DVD wà lára irinṣẹ́ tó lè gbà wọ́n là. Àmọ́ ẹni tó bá sáré ra èyí tó ṣáà ti rí lè fowó ṣòfò, ó sì lè ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ mọ́ ọn. Nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó yan ọ̀kan nìyí, àti nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe lẹ́yìn tí DVD bá ti jáde, torí DVD gan-an kọ́ ni ìparí ìrìn àjò.

Kí nìdí tá ò fi lè máa fòní dónìí, fọ̀la dọ́la?

Ilé iṣẹ́ JVC ní Jàpáàn ló gbé VHS jáde lọ́dún 1976. Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, tí fíìmù sinimá wọ́n ju agbára àwọn òṣèré lọ, fídíò ni wọ́n sá bá. VHS náà ni wọ́n fi gbé Living in Bondage jáde lọ́dún 1992. Òde ṣíṣe náà ò gbẹ́yìn: oní-fídíò tó gbé kámẹ́rà lé èjìká, tí ọmọ iṣẹ́ ń gbé iná tó mọ́lẹ̀ yòò tẹ̀lé e, di ara ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà.

Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ò ju ọ̀rá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí wọ́n lẹ ìyẹ̀fun onímágínẹ́ẹ̀tì mọ́ lára. Ooru abẹ́ páànù ń jẹ́ kó tètè gbó, ọ̀rinrin ìgbà òjò ń jẹ́ kó bu, eruku ọyẹ́ sì ń họ ọ́ lára nígbà tó bá ń yí nínú ẹ̀rọ. Kódà, kásẹ́ẹ̀tì tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ń gbó lọ níbi tó wà.

Ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde náà ti ń tán lọ. Funai ti Jàpáàn, ilé iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù tó ṣì ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù Keje ọdún 2016. Lọ́dún 2019, UNESCO àti IASA, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń tọ́jú ohùn àti fídíò, kìlọ̀ pé tó bá fi máa di nǹkan bí ọdún 2025, ẹ̀rọ tó lè ka irú kásẹ́ẹ̀tì báyìí máa ṣòroó rí. Ìyẹn ni pé kásẹ́ẹ̀tì lè wà láàyè kó má sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tó ń sọ.

Fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ẹbí nìkan. Ọba Jimoh Oyewumi Ajagungbade Kẹta jẹ Ṣọ̀ún láti ọdún 1973 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ọba Lamidi Adeyemi Kẹta ti jẹ Aláàfin láti ọdún 1970 kó tó wàjà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Gbogbo ìgbà tí VHS fi lòde, àwọn méjèèjì ló wà lórí oyè. Bí ẹbí yín bá ní kásẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ ìlú kan láti ìgbà yẹn, ìtàn ìlú ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn o.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú kásẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ní

Kẹ́ ẹ tó béèrè iye rẹ́kọ́dà, ẹ kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì síta, kẹ́ ẹ sì yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

VHS ló pọ̀ jù, òun ló tóbi bí ìwé kékeré. VHS-C kéré, àmọ́ ọ̀rá kan náà ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní ilé kan tí wọ́n máa ń kì í sí kó lè wọnú ẹ̀rọ VHS. Video8 àti Hi8 náà kéré, àmọ́ àwọn ò lè wọnú ẹ̀rọ VHS láéláé, kò sí ilé kankan tó lè jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kámẹ́rà tó ń lo irú ẹ̀ lẹ máa wá. MiniDV ló kéré jù nínú gbogbo wọn, kámẹ́rà rẹ̀ náà lẹ máa lò. Àwọn rẹ́kọ́dà DVD kan wà tó ní ihò tí wọ́n kọ DV sí níwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so kámẹ́rà MiniDV mọ́ ọn.

Ẹ tún béèrè ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ti wá. Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ń lo ìlànà àwòrán tí wọ́n ń pè ní PAL, Amẹ́ríkà ń lo NTSC, àwọn ìlú tó ń sọ Faransé lágbègbè wa bíi Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Ivory Coast sì lo SECAM. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò fi òwò ṣeré, wọ́n ṣe é dé Jọ́ọ̀sì, wọ́n ṣe é dé Àbíjàn. Bí kásẹ́ẹ̀tì tí bùrọ̀dá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà bá ń yí gbirigbiri lójú tẹlifíṣọ̀n, tàbí tí ti Àbíjàn bá jáde ní dúdú àti funfun, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé èdè ẹ̀rọ yín àti tiẹ̀ ni ò dọ́gba. Ẹ̀rọ fídíò tí wọ́n kọ multi-system sí lára lẹ máa wá, òun ló ń gbọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oríṣi rẹ́kọ́dà tó wà

Rẹ́kọ́dà DVD yàtọ̀ sí DVD player tá a fi ń wo fíìmù. Player mọ̀ ọ́n kà nìkan. Rẹ́kọ́dà mọ̀ ọ́n kà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Torí pé ọjà rẹ̀ ti lọlẹ̀ káàkiri àgbáyé, tòkunbọ̀ lẹ máa bá pàdé jù, bóyá Alábà lẹ ti rà á, tàbí lọ́wọ́ oní-tòkunbọ̀ ní Owódé l'Ọ̀yọ́ tàbí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Èkíní ni rẹ́kọ́dà lásán. Ihò díìsì nìkan ló ní, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹ̀rọ fídíò VHS tẹ́ ẹ máa fi wáyà so mọ́ ọn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè wá ẹ̀rọ fídíò tó dáa gan-an, bó bá sì bàjẹ́, ẹ kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Èkejì ni alápapọ̀, tó ní ihò VHS àti ihò DVD lára kan náà. Wáyà ò pọ̀, bọ́tìnnì kan lẹ máa tẹ̀. Ó dáa fún ẹni tí ò fẹ́ wàhálà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí apá kan bá kọṣẹ́, gbogbo ẹ̀rọ náà dúró nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní hard disk nínú. Ó máa kọ́kọ́ gba fídíò sínú ara rẹ̀, ẹ máa gé ibi tí ò wúlò kúrò, lẹ́yìn náà lẹ máa wá kọ ọ́ sórí díìsì. Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, èyí ló bá ilẹ̀ wa mu jù, torí ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ nígbà tí rẹ́kọ́dà lásán ń kọ̀wé sórí díìsì, díìsì yẹn lè bàjẹ́ pátápátá. Lórí hard disk, ẹ lè pàdánù ibi tẹ́ ẹ bá a dé, àmọ́ ẹ kàn máa dá kásẹ́ẹ̀tì padà kẹ́ ẹ tún un gbà ni, díìsì ò ṣòfò.

Ọ̀nà kẹrin tún wà tí kì í ṣe rẹ́kọ́dà rárá: irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń ki bọ ojú USB láápútọ́ọ̀pù, tí wọ́n sì so ẹ̀rọ fídíò mọ́ lódì kejì. Fáìlì ló máa bọ́ sínú láápútọ́ọ̀pù tààrà. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa lè gba ibẹ̀, àmọ́ àwọn olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ohùn àti àwòrán yapa síra, pàápàá tí kásẹ́ẹ̀tì bá ti gbó.

Nǹkan mẹ́jọ tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

1. Iná tó ń jẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ 220 sí 240 volt ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò séwu. Tó bá jẹ́ 100 tàbí 120 nìkan, Jàpáàn tàbí Amẹ́ríkà ló ti wá. Bẹ́ ẹ bá kì í bọ ojú iná wa láìsí tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, èéfín lẹ máa rí. Tòkunbọ̀ Ìlú Ọba ló rọrùn jù, iná wọn bá tiwa mu, PAL náà sì ni wọ́n ń lo.

2. Rìmóòtù tirẹ̀ gan-an. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́dà, orí rìmóòtù nìkan ni bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa fi parí iṣẹ́ lórí díìsì wà. Rẹ́kọ́dà tí ò ní rìmóòtù dà bí ilé tí ò ní kọ́kọ́rọ́.

3. Ihò tí fídíò máa gbà wọlé. Ẹ wá ihò yẹ́lò, funfun àti pupa tí wọ́n kọ IN sí, kì í ṣe OUT. Yẹ́lò ló ń gbé àwòrán, funfun àti pupa ló ń gbé ohùn. Tòkunbọ̀ Ìlú Ọba lè jẹ́ ihò fífẹ̀ tó ń jẹ́ SCART ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gba wáyà rẹ̀ mọ́ ọn.

4. Wákàtí tó lè gbà. Díìsì kan tó jẹ́ 4.7 GB máa ń gba wákàtí 1, 2, 4 tàbí 6, bẹ́ ẹ bá ṣe yàn án. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń fi kún wákàtí ni àwòrán ń bàjẹ́ sí i. Wákàtí 2 ni kẹ́ ẹ máa lò, àmọ́ bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti gbó tí àwòrán rẹ̀ ń ta pàràpàrà, ẹ lo wákàtí 1. Ẹ sá fún wákàtí 6.

5. Irú díìsì tó ń gbà. Àwọn kan ń gba DVD-R, àwọn kan DVD+R, àwọn mìíràn ń gba méjèèjì. Ẹ wo àmì tó wà níwájú ẹ̀rọ. Ti ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sàn ju RW tí wọ́n ń pa rẹ́ tí wọ́n tún ń kọ lọ.

6. Bó ṣe ń mú àwòrán dúró. Kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó máa ń mú kí àwòrán tẹ̀ lórí tàbí kó máa gbọ̀n. Àwọn rẹ́kọ́dà kan máa ń tún un ṣe bó ṣe ń wọlé. Panasonic DMR-ES10 àti DMR-ES15 ti dolókìkí láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nítorí ìyẹn.

7. Ihò VHS rẹ̀, tó bá jẹ́ alápapọ̀. Ẹ má fi kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó màmá dán an wò o! Ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́ kan tí kò já mọ́ nǹkan dání. Bó bá jẹ ìyẹn, kò séwu.

8. Bó ṣe ń kọ. Ẹ mú díìsì òfìfo tiyín lọ sọ́jà. Ẹ ní kí wọ́n gba ìṣẹ́jú 10 sórí rẹ̀, kí wọ́n parí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi sínú player mìíràn. Bó bá ṣeé wò níbẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ojú tó ń kọ̀wé sórí díìsì ló máa ń kọ́kọ́ kú lára tòkunbọ̀, ẹ̀rọ sì lè máa tàn yanranyanran kó má lè kọ ohunkóhun.

Ohun kan tún kù. Bẹ́ ẹ bá fi kásẹ́ẹ̀tì fíìmù tí wọ́n rà lọ́jà sí i, rẹ́kọ́dà lè kọ̀ jálẹ̀ torí ààbò tí wọ́n fi sára rẹ̀. Nígbà míì, ó lè ṣi kásẹ́ẹ̀tì ilé tó ti gbó mú, kó rò pé ààbò ló wà lára òun náà. Ẹ gbìyànjú ẹ̀rọ fídíò mìíràn kẹ́ ẹ tó sọ̀rètí nù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ wo ojú kásẹ́ẹ̀tì dáadáa kẹ́ ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ. Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára ọ̀rá rẹ̀, ó ti bu nìyẹn. Ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ, torí ó máa kó o ran ẹ̀rọ àti gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nu ún.

Fún èyí tó mọ́, ẹ ṣẹ́ eyín ọ̀rá kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Bẹ́ ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sáré yí i lọ sópin, kẹ́ ẹ yí i padà síbẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ra lè tú. Ìgbà yẹn lẹ máa tó gbé e jáde.

Bí kásẹ́ẹ̀tì bá gùn ní wákàtí 3, wákàtí 3 náà ló máa gbà, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ E-180 sí, wákàtí 3 ni. Ẹ pín in sórí díìsì 2, ẹ má fi agbára kì í sórí ọ̀kan. Ẹ so rẹ́kọ́dà àti ẹ̀rọ fídíò mọ́ ínfátà tàbí UPS tó lè gbé wọn títí iṣẹ́ máa fi parí. Ẹ má gbójú lé NEPA, ẹ má sì so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Bí díìsì bá kún, ẹ lọ sínú mẹ́nù kẹ́ ẹ tẹ Finalise. Òun ni ìparí iṣẹ́ tí mo ń sọ. Díìsì tí wọn ò parí, rẹ́kọ́dà tó kọ ọ́ nìkan ló lè kà á. Lọ́jọ́ tí rẹ́kọ́dà yẹn bá kú, wàhálà dé. Ẹ má lẹ bébà mọ́ ojú díìsì. Ẹ fi pẹ́ẹ̀nì rírọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sáàárín, kẹ́ ẹ fi í sínú ilé rẹ̀, kí oòrùn má sì kàn án.

DVD kọ́ ni ìparí

Ẹ wo láápútọ́ọ̀pù yín, ṣé ihò díìsì wà lára rẹ̀? Ohun tó ṣe VHS ti ń ṣe DVD. Nítorí náà, bí díìsì bá ti jáde, ẹ wá ẹ̀rọ tó ní ihò díìsì, kẹ́ ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú fódà VIDEO_TS sórí hard disk bó ṣe wà gan-an. HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tí wọn ò tà, lè sọ ẹ̀dà kan di MP4 tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ẹbí. Àmọ́ ẹ má pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́, òun ló mọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 20 tó jẹ́ wákàtí 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 60 nìyẹn. Bí díìsì kan bá gba wákàtí 2, díìsì 30 ni. Tá a bá sọ 4.7 GB di ọ̀nà 30, kò ju 141 GB lọ. Hard disk alágbèéká 500 GB kan máa gbà á tààyè sì máa kù.

Ṣùgbọ́n hard disk kan ṣoṣo náà lè kú. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ ní ẹ̀dà 3: ọ̀kan lórí hard disk, ọ̀kan lórí díìsì, ọ̀kan ní ìlú mìíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí iná tó jó ọjà Akẹ́sàn l'Ọ̀yọ́ ní oṣù Kínní ọdún 2020. Ìjọba tún ọjà kọ́, àmọ́ kò sí ìjọba tó lè bá yín tún ohùn ìyá yín kọ́. Bí ẹ̀dà kan bá wà l'Ọ̀yọ́, kí òmíràn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí lọ́wọ́ àbúrò tó wà l'Ékòó. Kásẹ́ẹ̀tì gan-an ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ tò ó ní òòró síbi tó tutù, tó gbẹ.

Ṣé kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ ni, àbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sí sítúdíò?

Bí kásẹ́ẹ̀tì yín ò bá ju márùn-ún lọ, kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ. Ẹ wá sítúdíò tó ń ṣe é. Àmọ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kẹ́ ẹ tó fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀: Wákàtí mélòó ni wọ́n máa kì sórí díìsì kan? Ṣé wọ́n máa fún yín ní fáìlì, àbí díìsì nìkan? Ṣé wọ́n máa dá kásẹ́ẹ̀tì padà? Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ orin lórí ẹ̀, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ sítúdíò sójú ẹ̀, ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n gé ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Bí kásẹ́ẹ̀tì bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí dáwó ra ẹ̀rọ kan. Kí ilé Ọ̀yọ́ lò ó tán, kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀ lọ fún àwọn ti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí gbogbo yín bá ṣe tán, ẹ tà á fún ẹlòmíì tó nílò rẹ̀.

Orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀

Mo ti sọ pé wákàtí 3 ni kásẹ́ẹ̀tì wákàtí 3 máa gbà. Ẹ má fi àkókò yẹn tẹ fóònù. Ẹ pe màmá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá yín kí wọ́n wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń gbà á, kẹ́ ẹ máa bi wọ́n: Ta ni bàbá tó dé fìlà yẹn? Ilé ta ni wọ́n wà yìí? Oríkì ta ni onílù yẹn ń lù? Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dáhùn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sínú ìwé kan tó máa wà pẹ̀lú díìsì náà.

Ẹ̀rọ lè gba àwòrán là, àmọ́ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń dàgbà, wọn ò sì ní ẹ̀dà. Torí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kásẹ́ẹ̀tì tó mọ́ jù. Èyí tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ gbogbo àwọn tó wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jáde.